CrystalDiskInfo, Hard Disk Sentinel àbí smartd: èwo ni yóò tètè ké sí yín kí hard disk tó kú?

Ẹni tó bá ń kánjú, ìdáhùn rèé. Tó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò, tó sì jẹ́ láptọ́ọ̀pù kan tàbí méjì lẹ ní, ẹ gbé CrystalDiskInfo sórí rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ inú dísìkì USB tí ẹ ń gbé kiri ni iṣẹ́ tó ń mówó wọlé fún yín wà, bíi tàwọn tó ń ya fọ́tò àti fídíò òde ìnáwó, Hard Disk Sentinel ló yẹ kí ẹ ronú sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni wọ́n ń gbà fún un. Tó bá jẹ́ Linux ni, tàbí kọ̀ǹpútà tí kò sẹ́ni tó ń jókòó síwájú rẹ̀, smartd ni, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ẹni tó ń lo Mac ní wàhálà tirẹ̀, a máa débẹ̀.

Ẹni tí kò kánjú, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ń pọnmi

Kò sí ìkankan nínú àwọn sọ́fítíwíà yìí tó mọ ohun tí dísìkì kò mọ̀ nípa ara rẹ̀. Dísìkì fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní S.M.A.R.T. Ibẹ̀ ló ń kọ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ sí, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, iye ibi tó ti bàjẹ́ lójú rẹ̀, àti iye ìgbà tó gbìyànjú láti ka nǹkan tí kò rí i kà. IBM ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1992 fún àwọn dísìkì ẹ̀rọ AS/400. Nígbà tó di 1995, Compaq, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà nígbà náà, pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe dísìkì fún un gbé tiwọn dé, wọ́n sì fi sílẹ̀ kí gbogbo ilé-iṣẹ́ lè jọ máa lò ó. Lónìí, hard disk tàbí SSD (dísìkì tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú) inú kọ̀ǹpútà tí kò ní in ṣọ̀wọ́n gan-an.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé sọ́fítíwíà kan mọ ìlera dísìkì ju èkejì lọ, ẹ bi í pé níbo ló ti gbọ́. Ohun mẹ́ta ló yà wọ́n sọ́tọ̀: bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ohun tí wọ́n kà, bóyá wọ́n lè ka dísìkì tó wà nínú àpótí USB, àti bóyá wọ́n á ké sí yín nígbà tí ẹ ò rántí wọn rárá. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fi ń yan tèmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní irinṣẹ́ tó dáa tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣí i, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ojú yín wà lára rẹ̀

S.M.A.R.T. lè to nọ́ńbà ogún tàbí ọgbọ̀n sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì kan yín. Backblaze, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn oníbàárà tọ́jú fáìlì, tó sì máa ń tẹ àkọsílẹ̀ dísìkì rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé, márùn-ún ló mú: 5, 187, 188, 197 àti 198. Ẹ máa rí wọn nínú àwọn sọ́fítíwíà míì gẹ́gẹ́ bíi 05, BB, BC, C5 àti C6.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí 5 àti 197, torí àwọn méjèèjì ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Dísìkì pín ojú rẹ̀ sí ẹyọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sector. Tó bá fẹ́ ka ọ̀kan tí kò sì rí i kà, á kọ ọ́ sílẹ̀ sí 197: ẹjọ́ tí kò tíì yanjú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nǹkan tuntun sórí ibẹ̀, dísìkì á dán an wò. Tó bá gbà á, nọ́ńbà 197 á wálẹ̀, kò sí wàhálà. Tí kò bá gbà á, dísìkì á pa ibẹ̀ tì, á mú ẹyọ mìíràn látinú àwọn tí wọ́n fi pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, á sì fi ọ̀kan kún nọ́ńbà 5. Ohun tó jẹ́ kí 197 burú ju 5 lọ fún ẹni tó ni fáìlì ni pé 5 ń sọ nípa ibi tí wọ́n ti pa tì, ṣùgbọ́n 197 ń sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ báyìí tí kò ṣeé kà. Ó lè jẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó ẹnì kan. 198 fara pẹ́ ẹ. 187 ń ka àṣìṣe tí dísìkì kò rí tún ṣe, 188 ń ka àṣẹ tí wọ́n fún un tí kò dáhùn lásìkò. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló sì ń kọ méjèèjì yìí sílẹ̀.

Ní 2016, Backblaze kọ ọ́ pé nínú àwọn dísìkì tó kú lọ́wọ́ wọn, 76.7% ló ti ní ó kéré tán ọ̀kan nínú márùn-ún yìí tó ju òdo lọ. Nínú àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, 4.2% péré ló rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Ẹ tún wò ó láti ẹ̀yìn: 23.3% kú láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Google náà ti ṣe irú ìwádìí yìí ṣáájú, ní 2007, lórí dísìkì tó lé ní 100,000. Wọ́n rí i pé bí dísìkì bá ti rí àṣìṣe àkọ́kọ́ nígbà tó ń yẹ ojú ara rẹ̀ wò, ó fi ìlọ́po 39 súnmọ́ ikú láàárín 60 ọjọ́ ju èyí tí kò rí irú rẹ̀ lọ. Àmọ́ wọ́n tún rí i pé 56% àwọn tó kú kò ní òǹkà kankan nínú àmì mẹ́rin tó lágbára jù.

Ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé bí S.M.A.R.T. bá ti pariwo, ẹ sáré. Bó bá dákẹ́, ẹ má tìtorí ìyẹn pa backup tì.

Ọ̀kan wà tó máa ń já àwọn èèyàn láyà lásán. Ẹni tó bá ní dísìkì Seagate á rí nọ́ńbà gbàǹgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 01 àti 07, ó lè tó mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe àìsàn. Bí Seagate ṣe ń kọ nọ́ńbà náà nìyẹn, iye iṣẹ́ tó ṣe àti iye àṣìṣe ló jọ wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 199, tó ń jẹ́ C7: tó bá ń lọ sókè, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kí ẹ tó bú dísìkì.

"PASSED" kò tíì sọ nǹkan kan

S.M.A.R.T. tún ní ìdájọ́ kan tó ń ṣe fúnra rẹ̀: mo yege, tàbí mo kùnà. Òun ni smartctl (irinṣẹ́ tó ń bá smartd rìn) ń kọ ní PASSED. Òun ni Mac ń pè ní Verified. Òun náà ni àṣẹ àtijọ́ `wmic diskdrive get status` máa ń dáhùn ní OK, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjíníà ṣì ń fi han oníbàárà bí ẹni pé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe dísìkì ló fi ààlà sí ibi tí dísìkì á ti gbà pé òun kùnà, wọ́n sì fi ààlà náà jìnnà. Dísìkì lè ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún sector tì, kó ṣì máa sọ pé ara òun dá ṣáṣá. Ta ló sì fẹ́ kí ọjà òun tètè jẹ́wọ́ nígbà tí wáràǹtì kò tíì parí? Tí ẹ bá rí FAILED, ẹ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá rí PASSED, ẹ lọ ka nọ́ńbà márùn-ún yẹn.

Ìdí nìyí tí irinṣẹ́ tó bá ń sọ "OK" nìkan fi wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìfiwéra yìí.

Èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá

Windows 11 ní ojú-ewé kan fún un: Settings, System, Storage, Advanced storage settings, Disks & volumes, kí ẹ wá tẹ Properties lórí dísìkì náà. Ó ń sọ ìpín tó kù nínú ayé dísìkì àti bó ṣe gbóná tó. NVMe SSD (irú SSD tó yára, tó wọ́pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí) nìkan ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Hard disk tó ní àwo tó ń yí nínú kò ní nǹkan kan gbọ́ níbẹ̀. PowerShell, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, sàn díẹ̀: `Get-PhysicalDisk | Get-StorageReliabilityCounter` á fún yín ní wákàtí, ìwọ̀n ooru àti àṣìṣe kíkà, tí dísìkì bá fẹ́ sọ ọ́. Ó máa ń fi àwọn àyè kan sílẹ̀ lófìfo.

Mac ló ṣàánú wa kéré jù. Disk Utility á kọ Verified tàbí Failing, ó parí. Fún dísìkì USB, "Not Supported" ni ẹ máa rí. Ẹni tó ń lo Mac fún iṣẹ́ ní láti ra sọ́fítíwíà DriveDx, tàbí kó gbé smartmontools (àkójọ tí smartd wà nínú rẹ̀) síbẹ̀ kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Lórí Linux, áàpù Disks tó ń bá GNOME wá ń fi gbogbo nọ́ńbà hàn, ó sì lè ṣe àyẹ̀wò kúkúrú àti gígùn. Ó tó fún ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

CrystalDiskInfo

Ará Japan kan tó ń jẹ́ hiyohiyo lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ẹ ṣí i, àwọ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: búlúù ni Good, yẹ́lò ni Caution, pupa ni Bad. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò dúró de ìdájọ́ dísìkì. Tí 05, C5 tàbí C6 bá ti kúrò ní òdo, ó ti di yẹ́lò nìyẹn, kódà bí dísìkì bá ń pariwo pé òun yege.

Ibi kan wà tó máa ń da èèyàn rú. Ẹ wo ìlà C5, ní ìparí rẹ̀, lábẹ́ Raw Values, ẹ máa rí nǹkan bíi `0000000000F8`. Ọ̀pọ̀ á gbójú fò ó torí pé òdo ló pọ̀ níbẹ̀. Òǹkà onímẹ́rìndínlógún nìyẹn o. F8 jẹ́ 248 ní òǹkà tiwa, ìyẹn ni pé ibi 248 wà lórí dísìkì yẹn tí kò ṣeé kà. Ẹ tẹ Function, Advanced Feature, Raw Values, kí ẹ mú 10 [DEC]. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà tí ẹ mọ̀ ni yóò máa kọ. Ẹ ṣe é kí ẹ tó ṣe ohunkóhun míì.

Ẹ wá padà sí Function, kí ẹ fàmì sí Resident àti Startup. Á máa bá Windows dìde, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀, á sì máa fi ìwọ̀n ooru hàn. Ó tún ní ibi tí ẹ ti lè ní kó pariwo tàbí kó fi íméèlì ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe èyí kò tíì fi irinṣẹ́ náà ṣọ́ nǹkan kan. Ó kàn ń fi í ṣàbẹ̀wò.

Ibi tó kù sí: kì í ṣe àyẹ̀wò ojú dísìkì, kò sì ní fi àlàyé tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín létí. Yẹ́lò ni yẹ́lò. Ohun tí ẹ máa ṣe sí i, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n.

Hard Disk Sentinel

Hungary ni tirẹ̀ ti wá. Tirẹ̀ ń sọ ìlera ní ìdá ọgọ́rùn-ún, ó ń fojú díwọ̀n ọjọ́ tó kù, ó sì ń kọ àlàyé ní gbólóhùn tó yéni: sector mélòó ló ti bàjẹ́, kí ló yẹ kí ẹ ṣe. Fún ẹni tí kò fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ C5 láyé, èyí gan-an ló ń sanwó fún.

Ìdá ọgọ́rùn-ún yẹn, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Olùṣe sọ́fítíwíà náà ló ṣírò rẹ̀, kì í ṣe dísìkì ló sọ ọ́. Dísìkì tó bá wà ní 70% kò túmọ̀ sí pé ó ku ìdá 70 nínú ayé rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bó ṣe ń rìn: èyí tó wà ní 70% láti ọdún méjì láìyẹsẹ̀ sàn ju èyí tó já láti 100 sí 94 láàárín ọ̀sẹ̀ kan lọ. Hard Disk Sentinel sì máa ń tọ́jú ìtàn yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ tí nǹkan yí padà. CrystalDiskInfo náà ní àwòrán ìtàn, àmọ́ tibí yìí rọrùn kà jù.

Agbára rẹ̀ tó kù ni USB. Nínú gbogbo èyí tó wà nínú ìfiwéra yìí, òun ló ń wọ inú àpótí USB àti káàdì RAID (èyí tó ń so dísìkì púpọ̀ pọ̀ bí ọ̀kan) tó pọ̀ jù. Ó tún ní àyẹ̀wò ojú dísìkì tó ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi dán dísìkì yín wò kí ẹ tó yọ owó. Àwọn tó ń lo Linux ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ti ojú dúdú, tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí.

smartmontools: smartctl àti smartd

Èyí ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ server ń lò, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ míì sì wà tó jẹ́ pé òun ló wà nínú wọn. Láti 2002 ni Bruce Allen ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wà fún Linux, Windows, Mac àti BSD, ọ̀fẹ́ sì ni. Méjì ni wọ́n: smartctl ń dáhùn nígbà tí ẹ bá bi í, smartd ń ṣọ́ nígbà tí ẹ ń sùn.

`sudo smartctl -a /dev/sda` á tú gbogbo rẹ̀ síta. `sudo smartctl -t long /dev/sda` á ní kí dísìkì yẹ ojú ara rẹ̀ wò látòkèdélẹ̀. Fún èyí tó tóbi, ó lè gba gbogbo òru àti ààbọ̀ ọ̀sán. Ẹni tí ojú dúdú bá ń dẹ́rù bà lè gbé GSmartControl, tó gbé aṣọ aláwọ̀ wọ smartctl, tó sì ń fi àwọ̀ tọ́ka sí ìlà tó níṣòro.

Àmọ́ smartd ni mo wá tìtorí ẹ̀ kọ abala yìí. Ẹ ṣí `/etc/smartd.conf`, kí ẹ fi ìlà kan yìí síbẹ̀:

`DEVICESCAN -a -s (S/../.././02|L/../../6/03) -m emi@apeere.com`

Ohun tó ń sọ nìyí: wá gbogbo dísìkì tó wà lára ẹ̀rọ yìí, ṣọ́ gbogbo nǹkan, ṣe àyẹ̀wò kúkúrú lójoojúmọ́ ní aago méjì òru, ṣe gígùn lọ́jọ́ Sátidé ní aago mẹ́ta òru, kí o sì kọ íméèlì sí mi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan míì, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ló ń yọjú wo wọn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, íméèlì tó máa wọlé kì í gùn. Ìlà tó wà láàárín rẹ̀ á rí báyìí: `Device: /dev/sda [SAT], 8 Currently unreadable (pending) sectors`. Ẹ ti mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí: 197 ti di 8.

Wàhálà rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi íméèlì ránṣẹ́, ìyẹn ló sì máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ẹ fi `-M test` kún ìparí ìlà yẹn, kí ẹ tún smartd tàn. Tí íméèlì ìdánwò kò bá wọlé, ìkìlọ̀ gidi náà kò ní wọlé. Mo ti rí server tí smartd rẹ̀ ń kọ ìkìlọ̀ sínú fáìlì log fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i.

Aago méjì òru tún nílò ìrònú fún àwa tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́. Bí ọ́fíìsì yín bá ń pa gbogbo ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́, àyẹ̀wò yẹn lè máà wáyé láéláé. Ẹ gbé e sí ọ̀sán, lásìkò tí wọ́n ń jẹun.

Scrutiny, àti èyí tí ilé-iṣẹ́ ń fúnni

Ẹni tó bá ní dísìkì mẹ́fà, mẹ́wàá, bí irú èyí tó ń tọ́jú fídíò ìsìn ọlọ́dọọdún, á fẹ́ràn Scrutiny. smartctl ló ń lò nísàlẹ̀, àmọ́ ó ń to gbogbo dísìkì sójú kan nínú bíráúsà, ó ń fi àkọsílẹ̀ Backblaze ṣe òṣùwọ̀n dípò ààlà tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀, ó sì lè ké sí yín lórí Telegram. Docker, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé sọ́fítíwíà sórí server, ni wọ́n sábà ń fi gbé e. Ẹni tí kò bá mọ Docker, kó má dá ara rẹ̀ láàmú fún dísìkì kan.

SeaTools ti Seagate, Dashboard ti Western Digital àti Magician ti Samsung ní ìwúlò mélòó kan: wọ́n ń bá dísìkì gba firmware (sọ́fítíwíà inú dísìkì fúnra rẹ̀) tuntun, àyẹ̀wò wọn sì wúlò nígbà tí ẹ bá fẹ́ béèrè fún wáràǹtì. Fún ìṣọ́ ojoojúmọ́, mi ò ní yan ìkankan nínú wọn. Dísìkì ilé-iṣẹ́ wọn ló jẹ wọ́n lógún.

| | Owó | Ó ń ké sí yín fúnra rẹ̀? | USB | Ta ló wà fún |
|---|---|---|---|---|
| Windows 11, Settings | ó bá a wá | díẹ̀, NVMe nìkan | rárá | ẹni tó fẹ́ yọjú wò ó lásán |
| Disk Utility, Mac | ó bá a wá | rárá | rárá | kò tó fún ẹnikẹ́ni |
| CrystalDiskInfo | ọ̀fẹ́ | bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá tan Resident | ọ̀pọ̀ | ẹni tó ń lo Windows |
| Hard Disk Sentinel | owó | bẹ́ẹ̀ ni | ó pọ̀ jù | iṣẹ́ fọ́tò, fídíò, ọ́fíìsì |
| smartd | ọ̀fẹ́ | bẹ́ẹ̀ ni, tí íméèlì bá ń ṣiṣẹ́ | ọ̀pọ̀, pẹ̀lú `-d sat` | Linux, server |
| Scrutiny | ọ̀fẹ́ | bẹ́ẹ̀ ni, Telegram pẹ̀lú | bíi smartctl | ẹni tó ní dísìkì púpọ̀ |

Lórí USB: dísìkì kò bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà níbẹ̀. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú àpótí náà tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn, àwọn kan nínú wọn kì í sì í dá ìbéèrè S.M.A.R.T. kọjá rárá. Tí CrystalDiskInfo kò bá rí dísìkì yín, kò túmọ̀ sí pé dísìkì náà ti kú. Ẹ gbìyànjú `smartctl -d sat -a`, tàbí ẹ̀dà ìdánwò Hard Disk Sentinel. Tí gbogbo wọn bá kọ̀, ẹ yí àpótí padà. Kò wọ́n, ó sì sàn ju kí ẹ máa lo dísìkì tí ẹ kò lè bi léèrè.

SSD ń ṣàìsàn lọ́nà tirẹ̀

NVMe kò lo nọ́ńbà 5 àti 197. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wò: Critical Warning, tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, Available Spare, tí kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ààlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Media and Data Integrity Errors, tó yẹ kó jẹ́ òdo, àti Percentage Used. Èyí tó kẹ́yìn yìí ń ka bí ẹ ti ṣe lò ó tó ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣèlérí. Ó lè kọjá 100, dísìkì náà kò sì ní tìtorí ìyẹn kú lọ́jọ́ náà. Unsafe Shutdowns ní tirẹ̀ ń ka iye ìgbà tí iná lọ láìdágbére. Ní ibi tí kò sí inverter, ó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ lè fi han ọ̀gá yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó ra UPS.

Ìparọ́rọ́ SSD burú ju ti hard disk lọ. Hard disk tó ń kú sábà máa ń lọ́ra, ó máa ń ró kẹ́-kẹ́-kẹ́. SSD lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìrọ̀lẹ́, kí BIOS má rí i mọ́ ní òwúrọ̀. Firmware máa ń dá kún un. Ní oṣù kọkànlá 2019, HPE, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe server, kìlọ̀ pé àwọn SSD SAS (irú tí server ń lò) rẹ̀ kan á kú tí wákàtí wọn bá pé 32,768, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, àti pé ohun tó wà nínú wọn kò ní ṣeé gbà padà. Àwọn tí wọ́n bá jọ rà wọ́n, tí wọ́n sì jọ tàn lọ́jọ́ kan náà, á jọ kú ni. Kò sí nọ́ńbà àìsàn kankan tó máa ti fi hàn ṣáájú. Firmware tuntun nìkan ni oògùn rẹ̀. Ibi tí irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti gba owó tirẹ̀ nìyí. Samsung náà gbé firmware jáde ní oṣù kejì 2023 nígbà tí àwọn tó ra 990 Pro rí i pé ìlera rẹ̀ ń já bọ́ ní kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ.

Dísìkì tòkunbọ̀

Ẹni tó bá ń ra dísìkì ní Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń kó ti òkè òkun wọlé, kó mú láptọ́ọ̀pù tó ní CrystalDiskInfo lọ́wọ́. Lókè lápá ọ̀tún, ẹ máa rí Power On Hours. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, tí a kò bá pa á rárá. Èyí tó bá kọ 23,100 ti ṣiṣẹ́ tó ọdún méjì àti ààbọ̀ ó lé láìsinmi, ó ṣeé ṣe kó ti inú server wá. Ìyẹn nìkan kò ní kí ẹ má rà á. Ẹ wo 05, C5 àti C6. Tí ọ̀kan bá ti kúrò ní òdo, ẹ fi sílẹ̀ fún un, bó ti wù kó dínwó tó.

Wọ́n sì lè pa wákàtí yẹn rẹ́. Ní oṣù kìíní 2025, ilé ìròyìn Heise ní Jámánì tú u síta pé wọ́n ń ta dísìkì Seagate tí wọ́n ti lò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí gẹ́gẹ́ bí tuntun, tí S.M.A.R.T. wọn sì ń kọ òdo. Ohun tó tú àṣírí wọn ni àkọsílẹ̀ kejì tí Seagate ń pè ní FARM, tí àwọn tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kò fọwọ́ kàn. `smartctl -l farm` ń kà á. Tí wákàtí FARM bá ju ti S.M.A.R.T. lọ fíìfíì, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. 

Nígbà tí ìkìlọ̀ bá dé

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á tan àyẹ̀wò gígùn tàbí `chkdsk /r`, àṣẹ Windows tó ń wá ibi tó bàjẹ́ lójú dísìkì, "kó lè tún un ṣe". Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lórí dísìkì tó ń kú lè jẹ́ iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀, àyẹ̀wò náà kò sì ní da fáìlì kankan padà fún yín. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tí ẹ kò lè rí rà lọ́jà: fọ́tò, ìwé ìṣirò owó, iṣẹ́ oníbàárà tí kò tíì parí. Fíìmù àti sọ́fítíwíà lè dúró.

Tó bá ń há nígbà tí ẹ ń ṣe ẹ̀dà, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ gbé ddrescue, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì tó ti ń bàjẹ́, lórí Linux. `ddrescue -n /dev/sdb ẹ̀dà.img ẹ̀dà.map` á kó gbogbo ibi tó ṣì ń gbọ́ràn ná, á fo ibi tó le kọjá, á sì kọ ibi tó dé sínú fáìlì map náà, débi pé bí iná bá lọ, ẹ lè tẹ̀síwájú níbi tí ẹ dúró. Tó bá sì ń ró kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí fáìlì inú rẹ̀ níye lórí gidi, ẹ pa á, ẹ má tún tan án mọ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣí dísìkì nínú yàrá tí kò ní eruku nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ̀dà bá ti wà níbòmíràn, ẹ lè wá ṣe àyẹ̀wò gígùn yẹn. Ẹ kọ nǹkan bo gbogbo ojú dísìkì náà, kí ẹ sì wo 197. Tó bá padà sí òdo, tí 5 kò sì gbéra, mo lè fi irú rẹ̀ tọ́jú fíìmù, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Tí 5 bá ṣì ń lọ sókè, tí wáràǹtì sì kù, ẹ tọ́jú àbájáde àyẹ̀wò náà kí ẹ fi ránṣẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì ti nu ojú rẹ̀ mọ́ pátápátá kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí àwọn tó ń tún dísìkì ṣe kò ní láti rí fọ́tò oníbàárà yín.